Ohun tójú mi rí lẹ́nu àtúnwò fíìmù àtijọ́

Àwọn tí mo ń kọ èyí fún ni àwọn tí wọ́n ní páálí kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan lórí àjà tàbí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń sọ lọ́dọọdún pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn á jókòó tún gbogbo ẹ̀ wò. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ títí. Nígbà tí mo wá dìde, ìwàǹwára ni mo fi ba èyí tí ikán kò rí jẹ jẹ́. Mo ti wá mọ ẹ̀rọ díẹ̀ báyìí, mo sì ti mọ irú òǹwòran tí mo jẹ́, ṣùgbọ́n owó ẹ̀kọ́ náà pọ̀ jù, mi ò gbàdúrà kí ẹlòmíràn san án.

Kàbbà ni ilé wa. Bàbá mi gan-an ni olùfẹ́ sinimá. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n, nígbà tí àwa Yorùbá Òkun ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Kwara, Ìlọrin ni wọ́n ti ń ra kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, tí àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti ọ̀dọ̀ wa ń kó bọ̀ ní Lọ́kọ́jà, ẹrù tó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ akẹ́rù ni páálí kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn. Màmá mi ṣì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní pé ìkòkò ọbẹ̀ àwọn ló wọ ọkọ̀ kẹ́yìn. Inú páálí yẹn la ti ń rí àwọn eléré tíátà Yorùbá bí Ògúndé, Adé Love, Bàbá Sàlá àti Jímọ̀ Àlíù. A tún ń rí Bruce Lee àti àwọn ará Íńdíà tó máa ń kọrin nínú òjò, torí pé ibi tí Ọlọ́run fi wá sí yìí, ohun tí Hausa ń wò ń dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tí Yorùbá ń wò sì ni tiwa. Ọjọ́ Sátidé tí iná bá wà, ilé wa á kún dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí kò ráyè á dúró lójú fèrèsé, ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa á gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá.

Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, páálí gun àjà. DVD dé, fóònù dé, kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀ mọ́. Ikú àwọn àgbà ló wá jí mi. Ní oṣù keje ọdún 2017, Adébáyọ̀ Fálétí, òǹkọ̀wé àti òṣèré, papò dà. Kò pé ọdún kan, ní oṣù kejì 2018, òǹkọ̀wé Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀lé e. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n kéde ikú Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa. Mo pa rédíò, mo lọ gbé àkàbà.

Téèpù kì í fẹ́ ooru, kì í sì í fẹ́ ọ̀rinrin. Àjà ilé páànù ní méjèèjì: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á gbóná janjan, nígbà òjò á máa jò. Ikán ti jẹ ìdí páálí tán, aáyán ti fi inú àwọn kásẹ́ẹ̀tì kan ṣe ilé. Èyí tó wà níbi tí páànù ti ń jò, nǹkan funfun ti hu sí ojú téèpù rẹ̀, ó hàn kedere láti ojú gíláàsì kékeré tó wà lára ike. Mo rí i. Mo ní eruku ni.

Mo fi aṣọ nu ẹ̀yìn rẹ̀, mo yá ẹ̀rọ fídíò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò tó ṣì ní tirẹ̀, mo ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́. Àwòrán yọ! Mo pariwo pe màmá mi kí wọ́n sáré wá. Kí wọ́n tó dé pálọ̀, ojú tẹlifíṣàn ti funfun, ohùn àwọn eléré ti ń fà, ẹ̀rọ náà ha gààrà, ó dákẹ́. Nígbà tí mo ní kó pọ kásẹ́ẹ̀tì jáde, ike jáde, téèpù kò tẹ̀lé e. Ó ti lọ́ mọ́ nǹkan nínú.

Ẹni tó gbọ́n á dúró níbẹ̀. Èmi fà á já, mo ki òmíràn tó mọ́ tónítóní bọ̀ ọ́, kí n lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ló bàjẹ́ ni. Ìyẹn náà ṣe bákan náà. Mo tún ki òmíràn. Mi ò mọ̀ pé kásẹ́ẹ̀tì tó mọ́ ni mo fi ń nu ìdọ̀tí èyí tó bu, tí ìdọ̀tí náà sì ń ha ojú wọn bó ṣe ń lọ. Ara ohun tó bá ọjọ́ náà lọ ni eré Àrélù ti Jímọ̀ Àlíù, tí bàbá mi fúnra wọn gbà sílẹ̀ láti orí tẹlifíṣàn, tí wọ́n jókòó tì í kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ dúró nígbà ìpolówó ọjà. Fádèyí Olóró wà níbẹ̀, Òrìṣàbùnmí wà níbẹ̀. Fíìmù téèyàn rà lọ́jà, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ nílé, tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Ìyẹn ni mo ṣe máa ń sọ fún ènìyàn pé ohun tí wọ́n kọ bírò sí lára ni kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú, kí wọ́n tó kan èyí tó ní àwòrán mèremère lára páálí.

Mo san owó ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n náà. Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á.

Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe nítòsí gáréèjì ló gbà mí. Wọ́n wo ẹ̀rọ, wọ́n wò mí. "Àbúrò, ta ló ní kó o ki èyí bọnú ẹ̀rọ láìwò ó?" Wọ́n tú ìdérí ẹ̀rọ náà, wọ́n ní kí n sún mọ́ ọn. Nǹkan róbótó kan tó ń dán wà láàárín, ó dagun díẹ̀, ibẹ̀ ni hẹ́ẹ̀dì tó ń ka téèpù wà, ó kéré débi pé mi ò rí i títí wọ́n fi tọ́ka sí i. Wọ́n rọ isopropyl alcohol díẹ̀ sí awọ rírọ̀ pẹlẹbẹ kan, wọ́n fi lé ara rẹ̀, ọwọ́ wọn dúró gbári. Ọwọ́ kejì ni wọ́n fi ń rọra yí nǹkan róbótó náà. Wọ́n ní ẹni tó bá ń nù ún lọ sókè lọ sílẹ̀ bí ẹni ń fọ eyín, ṣíṣẹ́ ló máa ṣẹ́ hẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní òwú náà kò dára, torí pé fọ́nrán rẹ̀ á ha síbẹ̀.

Wọ́n fi hàn mí pé kásẹ́ẹ̀tì ní ìdérí kan níwájú téèyàn lè tẹ̀ sókè. Kí n ṣí i, kí n tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kí n sì wo ẹ̀gbẹ́ téèpù níbi tó ti wé mọ́ra. Bí ó bá funfun tàbí tí ó ń lẹ̀ mọ́ra, kó má wọ ẹ̀rọ kankan. Àwọn èyí tó ṣeé gbà là, wọ́n máa ń tú ìdè márùn-ún tó di ike rẹ̀ mú, wọ́n á yọ téèpù sínú ike mìíràn tó mọ́, wọ́n á sì ní ẹ̀rọ kan lọ́tọ̀ tó jẹ́ pé irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ nìkan ló ń gbà. Kí téèpù tó pẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n wò ó tó ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wé e lọ dé òpin, kí ẹ wé e padà, kó lè tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tò wọ́n lóòró, ẹ má tò wọ́n lé ara wọn. Àkókò tó dára jù níbí ni ìgbà ọyẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ Kàbbà bá gbẹ tí ètè ń bó. Mi ò tún ṣí kásẹ́ẹ̀tì nígbà òjò mọ́.

Ẹ̀kọ́ ti kọ̀ǹpútà rọrùn jù, síbẹ̀ mo ti sunkún kí n tó mọ̀ ọ́n. Mo ra wáyà kékeré tó ń gba àwòrán láti inú fídíò sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi Kádàrà Adé Love síbẹ̀, dúdú àti funfun ló yọ, ó sì ń gbọ̀n sókè sódò. Mo gbà pé àwọ̀ rẹ̀ ti lọ, mo tilẹ̀ pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin láti bá a ṣọ̀fọ̀. Kò sí ohun tó ṣe téèpù náà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to àwòrán tẹlifíṣàn yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn: NTSC ti Amẹ́ríkà ni ètò inú kọ̀ǹpútà wà, PAL ni fídíò tiwa ní Nàìjíríà. Mo yí i, aṣọ òkè tó wà lọ́rùn àwọn eléré tún pọ́n dẹ̀dẹ̀. Ẹ wo ètò yẹn kí ẹ tó sunkún.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà ló dá èyí tó dùn mí jù sílẹ̀. Ẹ rántí pé níbi tí wọ́n ń lẹ orúkọ mọ́ lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, ike pẹlẹbẹ kékeré kan wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti ṣẹ́ ẹ, ẹ̀rọ kì í gbà kí ẹnikẹ́ni gba nǹkan mìíràn lé e. Bàbá mi mọ èyí, gbogbo tiwọn ni wọ́n ṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi náà mọ̀ pé sẹ́lótéèpù lè dí ihò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé nígbà tí mo rí Ọ̀run Móoru tí Bàbá Sàlá ṣe ní 1982, tí mo fọ̀ ọ́, tí mo wé e, tí mo pe gbogbo agboolé, ẹ̀rín wa kò tíì balẹ̀ tán tí àwòrán fi gbọ̀n, tí Bàbá Sàlá pòórá láàárín ọ̀rọ̀, tí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun. Ìkórè ni. Wọ́n ń lu iṣu àti àkùkọ ní gbànjo.

Mo fi ìbínú pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Nígbà tí mo padà sí pálọ̀ láti pa á, màmá mi ní, "Má fọwọ́ kàn án." Gbogbo wọn ti sún àga mọ́ ìwájú. "Bàbá Olùkọ́ rèé!" "Ẹ wo Ìyá Ìjọ, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń jó!" Ènìyàn tó ti wà nísà òkú láti ọjọ́ pípẹ́ ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń fi owó kún owó. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní kí n tún gbé e sí i. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè Bàbá Sàlá. Mi ò lè sọ pé wọn ò jàre, àmọ́ inú ṣì ń bí mi. Fíìmù ni mo pe ènìyàn wá wò, ìkórè ni wọ́n wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá di ẹ̀gún sí mi lọ́fun ni pé nígbà tí mo yẹ kásẹ́ẹ̀tì yẹn wò dáadáa, kò ní orúkọ ilé iṣẹ́, kò ní àwòrán, bírò ni wọ́n fi kọ "Baba Sala" sí i. Ẹ̀yin tó mọ ìtàn náà mọ ohun tí mò ń sọ. Nínú Ọ̀run Móoru, ọlọ́rọ̀ kan tí babaláwo èké lù ní jìbìtì títí ó fi di òtòṣì ni Bàbá Sàlá ṣe. Ọ̀la Balógun ló darí rẹ̀, owó ńlá ló sì wọ̀ ọ́. Kí fíìmù náà tó jẹun dáadáa ní gbọ̀ngàn sinimá, àwọn olè ti gba ẹ̀dà rẹ̀ sórí fídíò, wọ́n ń tà á káàkiri. Gbèsè bá ẹni tó ń pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín. Ta ló mọ̀ bóyá ọ̀kan nínú ẹ̀dà olè yẹn ló wà lọ́wọ́ mi, tí mo ń bínú pé wọ́n gba orin ìjọ lé? Bàbá mi kì í ṣe olè. Wọ́n rí i lọ́jà, wọ́n rà á, bí gbogbo wa ṣe ń rà á. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá rí i pé ẹni tó ṣe fíìmù tàbí àwọn ọmọ rẹ̀ ń tà á níbìkan, mo máa ń rà á, kódà bí mo bá ti ní in tẹ́lẹ̀. Èyí tí mo bá gbà sínú kọ̀ǹpútà, ilé ni mo fi ń wò ó.

Kì í ṣe fídíò nìkan ló ń kú. Fíìmù inú agolo tí wọ́n fi ń ṣe sinimá nígbà yẹn, tí ibi tó wà bá gbóná, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kan, á máa run bí ọtí kíkan, á sì máa ká. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ayé ìgbà náà ló jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n ti fọ̀ ọ́, torí náà èyí tí kò bàjẹ́ nílé lè ti sọnù lẹ́yìn odi. Ṣùgbọ́n nǹkan kan fún mi ní ìrètí: Shaihu Umar, tí Adamu Halilu darí ní 1976 láti inú ìwé Abubakar Tafawa Balewa, tí wọ́n ti gbà pé ó ti ṣègbé, wọ́n rí i nínú ilé ìṣúra fíìmù ìjọba ní Jọ́ọ̀sì. Wọ́n tún un ṣe, ó sì yọ níbi àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 2018. Mo máa ń bi ara mi pé agolo wo tún ni ẹnìkan jókòó lé láìmọ̀.

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì tèmi ṣì wà lọ́dọ̀ bàbá oní-rédíò, mo sá lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo rí Ṣaworoidẹ níbẹ̀, fíìmù Túndé Kèlání lórí ọba àti ìlù ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Jogbo, mo fi dátà wò ó. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo Jogbo ń fi ọwọ́ òsì jẹun! Ayàn ń fi òsì lu ìlù, àwọn ìjòyè ń fi òsì gba obì. Mi ò rántí pé ó rí bẹ́ẹ̀ ní kékeré. Bàbá kan ní agboolé wa wò ó pẹ̀lú mi, wọ́n mi orí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ awo ni, pé òsì ni ọwọ́ awo. Èmi fi tèmi kún un: mo kọ ọ̀rọ̀ gígùn ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo ṣàlàyé pé láti ọjọ́ tí Ọba Lápité ti kọ̀ láti búra ni ìlú náà ti dojú rú, tí ọ̀tún di òsì. Wọ́n kan sáárá sí mi. Ọ̀kan sọ pé kí n lọ kọ́ ọ ní yunifásítì.

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì tiwa padà dé, ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn ń lò. Ẹni tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ló yí àwòrán náà sódì, kí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ àwọn olè má bàa dá a mọ̀. Ó ti gé orúkọ àwọn òṣèré kúrò níbẹ̀rẹ̀, ó ti pa ohùn orin mọ́lẹ̀ láwọn ibì kan. Kí ni Ṣaworoidẹ láìsí orin? Ìlù ni ọ̀rọ̀ dá lé. Torí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé ìjìnlẹ̀, ẹ wo ọwọ́ tí wọ́n fi ń jẹun.

Mi ò gbọ́n síbẹ̀. Nígbà Kérésì, tí àwọn ọmọ wa ti Èkó àti Abuja bọ̀, mo yá ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára aṣọ, mo na bẹ́ẹ̀ṣíìtì funfun mọ́ ògiri, mo ní kí wọ́n wá wo Ayé, tí Ògúndé ṣe ní 1979. Mo ti sọ fún wọn látàárọ̀ pé ẹ̀rù máa bà wọ́n. Nígbà tí àwọn àjẹ́ ń pàdé lóru, ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Nígbà tí iṣẹ́ idán bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rí ibi tí wọ́n ti gé àwòrán, wọ́n rí ibi tí wọ́n ti so ó. Inú bí mi, mo dá fíìmù dúró, mo wàásù. Mo sọ fún wọn pé ọlọ́pàá ni Ògúndé kó tó dá ẹgbẹ́ tíátà sílẹ̀ láàárín ọdún 1940 sí 1949, pé ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de eré rẹ̀ Yorùbá Ronú ní 1964, pé òun fúnra rẹ̀ ló ṣe Ọ̀ṣẹ́tùúrá inú fíìmù yìí tí wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n dákẹ́. Nígbà tí mo tún tan fíìmù, wọ́n ń yọ́ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kan ṣoṣo ló bá mi dé òpin, torí pé ó ti sùn.

Màmá mi ló là mí lóye, bí a ṣe ń ká aṣọ. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti wo Ayé nígbà ọ̀dọ́ wọn, nígbà tí àwọn eléré ń gbé sinimá wọn kiri láti ìlú dé ìlú. Wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ kú lẹ́ẹ̀kan láàárín fíìmù, tí gbogbo gbọ̀ngàn fi igbe ta. Wọ́n ní ohun tó bà wọ́n lẹ́rù gan-an ni ọ̀nà ilé, nítorí kò sí iná, ìgbẹ́ wà lọ́tùn-ún lósì, òwìwí ń ké. "Àwa ò wo fíìmù tán níbẹ̀. Ojú ọ̀nà la ti wo ìyókù." Àwọn ọmọ tí mo kó jọ, iná sólà ń tàn lẹ́yìn wọn, ẹran ìgàlá ń ta sánsán lórí iná, èmi náà ti sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ fún wọn. Níbo ni ẹ̀rù fẹ́ gbà wọlé?

Mo tún Ayé wò lémi nìkan lẹ́yìn náà, mi ò sì retí ẹ̀rù. Orin ni mo gbọ́. Mo gbọ́ bí Ògúndé ṣe ń pe ọfọ̀ láìkánjú, bí àwọn obìnrin ṣe ń gbe orin lẹ́yìn rẹ̀, bí ijó àti eré orí ìtàgé ṣe kún inú fíìmù náà débi pé kámẹ́rà kàn jókòó wò wọ́n ni. Ẹni tó bá wò ó fún idán á rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá tẹ́tí sí i kò ní ráyè ẹ̀rín. Èrò mi nípa àwọn fíìmù olóògùn tó tẹ̀lé e náà nìyẹn, irú èyí tí Yẹkínì Àjílẹ́yẹ ń ṣe, tí Àbíjà ń bú ramúramù nínú wọn. Àwòrán wọn kò dára tó, ìtàn ibòmíràn kò lórí, ṣùgbọ́n èdè inú wọn wà níbẹ̀ digbí.

Àwọn fíìmù kan wà tó jẹ́ pé èmi ni mo yí padà, àwọn ò yí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wo Ó Le Kú tí Túndé Kèlání ṣe ní 1997 láti inú ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Àjàní ni mo fẹ́ dà: Àṣàkẹ́ ń fẹ́ ẹ, Lọlá ń fẹ́ ẹ, Ṣadé náà wà níbẹ̀. Gbogbo àǹtí mi ló rán ìró àti bùbá Ó Le Kú nígbà yẹn, ìró kékeré tó dúró lórí orúnkún. Mo ti ní ọmọbìnrin báyìí. Mo wo Àjàní, mo fẹ́ dìde lu tẹlifíṣàn. Ìyàwó mi ní kí n jókòó, pé ìwé Ìṣọ̀lá kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fẹ́ràn Àjàní, ọ̀dọ́mọkùnrin ló ń kà á bẹ́ẹ̀.

Ṣaworoidẹ ló dúró jù lójú tèmi, mo sì setán láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ọdún 1999 ló jáde, ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá. Nígbà yẹn, Lágàta la ń sọ, sójà tó yìnbọn pa ọba, tó fi adé dé orí ara rẹ̀, tí ìlù sì pa á. Kò sẹ́ni tó bìkítà fún àwọn agégẹdú inú rẹ̀. Nísinsìnyí, mo ń wo ibi tí àwọn ìjòyè ti ń gbowó lọ́wọ́ agégẹdú, tí oko àwọn àgbẹ̀ ń bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tó kó igi láti apá Bùnú ń kọjá níwájú ilé wa, gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n. Mo dá fíìmù dúró kí ó kọjá, òmíràn dé. Ọ̀pálábà tí Fálétí ṣe, tí a pè ní wèrè ní kékeré, òun nìkan ló ń sọ òótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ sì wo Kúnlé Afọláyan gẹ́gẹ́ bí Arẹ́sẹ̀jábàtà. Ojú Adé Love bàbá rẹ̀ ló gbé wọ̀. Agogo Èèwọ̀ tó tẹ̀lé e ní 2002 dára, ṣùgbọ́n ó ń wàásù jù. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà. Òun ní Ọba Bọ́sípò nìkan ni olórí gidi tí fíìmù Yorùbá tíì ní, a sì ti bá ara wa yan odì lórí rẹ̀ rí.

Bí mo ṣe ń wo fíìmù báyìí ni pé mi ò kó ènìyàn jọ mọ́. Ẹni tó bá bá mi lẹ́nu rẹ̀, kó jókòó. Mi ò sọ ohun tó ń bọ̀ níwájú, mi ò sì sọ pé "ẹ wo ibi yìí". Àwọn àgbà ni mo ń fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi jù, torí wọ́n máa ń sọ ẹni tí òṣèré náà jọ ní ìlú wa. Kò sí èyí tí mo máa ń wò léraléra nínú ọdún kan náà, nítorí mo ti fi bẹ́ẹ̀ pa fíìmù Íńdíà kan tí bàbá mi fẹ́ràn, mo wò ó títí omi ojú rẹ̀ fi gbẹ. Ẹ̀dà gbogbo ohun tí mo gbà là wà nínú hard disk méjì. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi, èkejì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlọrin. Ó ti búra pé òun ò ní gba ìkórè lé e.

Ó ku Ìjà Orogún Adé Love. Téèpù rẹ̀ ti bu, ṣùgbọ́n bàbá oní-rédíò ní ó ṣì lè yè, bí ọyẹ́ bá dé kí n gbé e wá pẹ̀lú ike òfìfo kan tó mọ́. Ike wọ̀nyẹn ti wọ́n. Tí ẹnikẹ́ni ní Ìyàrà, Mọ́pà, Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ́ bá ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò VHS tí kò wúlò fún un mọ́, kó má jù ú nù. Ike rẹ̀ nìkan ni mo ń wá, mo sì máa kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú rẹ̀.